Táyà Kẹrin Tí N Kò Tú

                                        Ilé Ìyá Wa,
                                        Òkè Ọ̀nà Afárá.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ara àwa náà le, àmọ́ láti ọjọ́ Àìkú ni ọkàn mi ò ti balẹ̀.

Ẹ rántí ọkọ̀ àtijọ́ Bàbá wa, tó ti wà lórí búlọ́ọ̀kù láti ọdún mọ́kànlá. Èmi ni mo ní mo máa jí i dìde. Ẹ́ńjìnnì gbà, ó ń ṣiṣẹ́, mo wá kọjú sí bíréèkì. Mo tú táyà mẹ́ta, mo yọ dúrọ́ọ̀mù, irin róbótó tó bo bíréèkì, mo ha ìpẹtà kúrò, mo pààrọ̀ ṣúù tó ń di dúrọ́ọ̀mù mú àti rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo bíréèkì jò. Dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn lápá òsì ni kò yọ. Mo lù ú títí, ó lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Mo bá ní mẹ́ta á gbé ọ̀kan. Mo dá táyà ibẹ̀ padà láìtú inú rẹ̀, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá wa ló kọ́kọ́ bá mi jáde. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi afárá, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ lọ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Mo tún un tẹ̀, òfo. Àwọn èèyàn ń sọdá nísàlẹ̀. Ìyá ní, "Ṣé o ò ní dúró ni?" Mo wọ jíà kìíní, mo fa bíréèkì ọwọ́, mo ki imú ọkọ̀ bọ òkìtì yanrìn àwọn bíríkìlà. A dúró.

Mẹkáníìkì àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Sùúrù ló fi iná mú dúrọ́ọ̀mù náà gbóná títí ó fi yọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà mà ju èje lọ! Rọ́bà ti jẹrà, epo ti dà sórí ṣúù. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé o rò pé ìdánwò ni, tí mẹ́ta nínú mẹ́rin á fi gbé ọ yege?" Ojú tì mí.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe látìbẹ̀rẹ̀. A gbé dúrọ́ọ̀mù lọ fá kó lè dán, a lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù epo bíréèkì, mo sì dán an wò lórí pápá títí ó fi sú mi.

Láàárọ̀ yìí ni mo jẹ́wọ́ fún Ìyá pé mo mọ̀ nípa táyà kẹrin. Mo rò pé wọ́n á bú mi. Wọ́n kàn gbé báàgì wọn, wọ́n lọ jókòó sínú ọkọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ lo tún un ṣe. Wà á."

A rọra ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń tẹ bíréèkì ní gbogbo ìdí òpó iná. Ó ń mú. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Mo yíjú sí Ìyá: wọ́n di ojú pinpin, ètè wọn ń mì. Wọ́n ní, "Ṣé a ti kọjá ibẹ̀?"

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ìbejì. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá kí wa, ẹ ṣì máa wọ ọkọ̀ èrò ná.

Èmi ni àbúrò yín tí àyà rẹ̀ ṣì ń já,
Àbígbẹ̀yìn.