Mo Wá Mú Ọ Nínú Igbó Bìní

Aba Títíloyè,
Ọ̀nà Ifọ́n.

Iredélé ọmọ mi, Àníkẹ́,

Mo kí ọ kú ìjókòó igbó o, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú ẹ̀fọn. Ojúmọ́ tó bá mọ́ ọ níbẹ̀, ire ni kó máa bá ọ jí. Ejò kò ní rí ẹsẹ̀ rẹ, igi kò ní wó síbi tí o bá jókòó sí, àwọn tó ń fún ọ lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ kò sì ní béèrè ohun tí apá rẹ kò ká lọ́wọ́ rẹ. Àmín. Ara tèmi le bí a bá yọ ti orúnkún òsì kúrò, òun náà sì ti di ará ilé, a kì í pè é ní àlejò mọ́.

Èmi fúnra mi ni mo fi bíró kọ ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo lè gba ẹnu Ọláyọdé sọ. Tíṣà Ọláyọdé ará ilé kejì wa dára sí mi, fóònù rẹ̀ la fi ń rí àwòrán tí o ń fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ń ka ọ̀rọ̀ rẹ fún mi, bí ẹni tó ń pe orúkọ ní kíláàsì ló ń pariwo, kó tó parí gbogbo aba ti gbọ́.

Nílé, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, méjèèjì ló ń mu ọmú dáadáa. Báńkì tí o mú mi lọ ní Ifọ́n, ọmọlúàbí ni wọ́n. Lọ́jọ́ ìbí mi, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù kékeré mi, wọ́n dárúkọ mi ní pípé, wọ́n ní kí ẹ̀mí mi gùn. Àwọn àbúrò bàbá rẹ kò tilẹ̀ rántí. Mo gbé àgbàdo sísun lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní kì í ṣe òun ló kọ ọ́, ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo ní kó bá mi kí ẹ̀rọ náà. Ó gba àgbàdo, ó sì ṣe é tọwọ́tẹsẹ̀.

Ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó o. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ pé àwọn kan fún ọ ní ilé nínú igbó lẹ́yìn Bìní, pé kí o kúrò ní yàrá rẹ ní Ekosodin, kí o gba àyè níbi iṣẹ́ olùkọ́, kí o lọ gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí o máa jẹ, kí o máa sùn, kí o máa kọ ìwé rẹ, inú mi dùn, nítorí mo mọ ohun tó jẹ́. Orí òkè àdúrà ni. Kí ló tún ń gbé ọmọ èèyàn lọ sínú igbó, nígbà tí kò roko, tí kò ṣọdẹ? Mo sọ fún ìjọ. Ìyá Gbéminíyì tó jẹ́ olórí àwa obìnrin ní a kò ní fi ọ́ nìkan sílẹ̀. Gbogbo wa ń gbààwẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì nítorí rẹ, ọ̀fun wa gbẹ, kí Ọlọ́run lè fi ohun tí o ń wá hàn ọ́. Àṣé èèrà lo lọ wò.

Ìgbà tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í dé lẹ̀rù bà mí. Èèrà ni àkọ́kọ́. Ọláyọdé gbé fóònù síwájú mi, orí èèrà náà tó orí àgbò, irun wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Mo ké. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ Bìní ti lágbára láti ayébáyé, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé èèrà wọn tó báyìí. Mo ní kí Ọláyọdé kọ ọ́ sí ọ kí o máa ti ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú, kí o má sì gbé ẹran síta. Ohun tí o fi dá mi lóhùn ni orí róbótó kan tó pọ́n bí ọsàn, tí omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Ọláyọdé ní ẹ̀rín ni. Èmi ti bímọ, mo mọ omijé bí mo bá rí i. N kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, okùn aláǹtakùn lo fi ránṣẹ́, ìrì sẹ̀ sí gbogbo ara rẹ̀, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyàwó. Èmi tí mo ti ń fi ìgbálẹ̀ gbá aláǹtakùn dànù láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ọkọ, mo tẹjú mọ́ ọn. Mo ní kí Ọláyọdé má tíì pa fóònù náà. Ta ló kọ́ ẹ̀dá kékeré yẹn níṣẹ́? Ẹ wo iṣẹ́ Olúwa o! Kì í ṣe pé n kò rí i rí, mo ń rí i lójoojúmọ́, n kò wò ó ni. Láti ọjọ́ náà n kò gbá àjà mọ́, bí o bá wálé tí ilé dọ̀tí, ìwọ lo fà á.

Ọ̀rọ̀ tó dé tẹ̀lé e ló da gbogbo rẹ̀ rú. O ní o dojúbolẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, o ń wo ìgbín kan tó ń sọdá ọ̀nà. O ní o kò tíì kọ ohun ńlá kankan, ohun kéékèèké báyìí nìkan lo ń rí, pé bóyá wàá kó ẹrù rẹ wálé nígbà ìrántí bàbá rẹ, kí o má padà mọ́. Ọláyọdé kà á sókè gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìyá Gbéminíyì ní ẹni tó ń jẹ ìgbín lòun mọ̀, òun kò gbọ́ ẹni tó ń sin ìgbín sọ́nà rí. Ó ní ìbànújẹ́ ti gun orí ọmọ náà.

Mo fẹ́ bá a jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ tí a ti gbé bàbá rẹ wọ ilẹ̀, Iredélé, o kò rẹ́rìn-ín mọ́. O ń sọ̀rọ̀, o ń jẹun, o ń béèrè ara mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò sí níbẹ̀. Mo ti sọ ọkọ nù, ẹ̀rù wá ń bà mí pé mo fẹ́ sọ ọmọ nù mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wá. O kò mọ̀, ṣùgbọ́n mo wá sí Bìní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, láti wá mú ọ wálé. Mo di òróró ìjọ, mo di èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ, Ìyá Gbéminíyì sì kó ọ̀já kan tó nípọn lé mi lọ́wọ́, ó ní bí o bá ń janpata kí n fi dè ọ́. Ọ̀dọ̀ Mojísọ́lá ọmọ aba wa, tó ń ta abọ́ ọ̀rá ní ọjà Ekiosa, ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ọjà yẹn! Abọ́ tó tò jọ níbẹ̀ lè gba òjò ọdún kan. Mo kí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n gbọ́ Yorùbá mi dáadáa, ṣùgbọ́n pijin ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní “Mama, body dey inside cloth?” Mojísọ́lá túmọ̀ rẹ̀ pé wọ́n ń béèrè bóyá ara mi ṣì wà nínú aṣọ. Mo wo abẹ́ ìborùn mi, mo ní ó wà níbẹ̀, ẹ ṣeun.

Mojísọ́lá bá mi wọ kẹ̀kẹ́. A kọjá GRA tí ògiri wọn ga ju ilé wọn lọ, a kọjá Ekosodin, ọ̀nà ọ̀dà tán, ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀, títí a fi bá igbó pàdé. Bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Bìní ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín. Mojísọ́lá ní ẹni tó ń kọ ìwé la wá wò. Bàbá náà ní há, èyí tó máa ń wo ilẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọ̀já náà.

Ó mú wa gba ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín igi, ó dúró, ó nàka. Mo rí ọ. O dojúbolẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, o fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n, o fi ẹyọ ọwọ̀ kan gbé ewé kan sókè díẹ̀, o ń yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Mo ti la ẹnu láti pè ọ́ nígbà tí èjìká rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo ní ẹkún ti dé. O yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, mo sì rí èjí rẹ. Èjí bàbá rẹ, tí kì í hàn àfi bí o bá rẹ́rìn-ín dénú. Ìwọ nìkan, nínú igbó, ò ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá náà béèrè bóyá kí òun pè ọ́, mo fi ìka lé ètè. Èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí lẹ́sẹ̀, mo wo ilẹ̀, kékeré ni wọ́n, kò sí ọ̀kan tó tó orí àgbò, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, mo sì ń gé ètè jẹ kí n má bàa ké. Bí o ṣe ń wo abẹ́ ewé lèmi náà ń wò ọ́. Mo bí ọ, mo wẹ̀ ọ́, mo pọ̀n ọ́, n kò wò ọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà mo fa Mojísọ́lá lọ́wọ́, a padà. Èlùbọ́ àti ẹja tí bàbá ẹnu ọ̀nà gbé fún ọ, tó ní òun kò mọ ẹni tó gbé e wá, má bínú sí i, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó purọ́.

Nígbà tí mo délé, ìjọ béèrè bóyá Ọlọ́run ti dáhùn. Mo ní ó ti dáhùn. Wọ́n pariwo Halelúyà, n kò ṣàlàyé síwájú.

Ọ̀rọ̀ ìrántí wá kù. Àwọn àbúrò bàbá rẹ ní dandan ni kí àkọ́bí rẹ̀ wà níbẹ̀, kó ka ẹsẹ Bíbélì níbi ibojì. Èmi ìyá rẹ ni mo ní kí o má wá. Dúró síbẹ̀ títí oṣù mẹ́ta náà yóò fi pé. Bí wọ́n bá fẹ́ bínú, kí wọ́n bínú sí mi, èmi ni n ó ka ẹsẹ náà. O ní ohun kéékèèké nìkan lo ń rí. Iredélé, ohun kékeré ló dá ọ padà fún mi, má pè é ní kékeré létí mi mọ́.

Bí ọwọ́ rẹ bá tẹ owó, fi díẹ̀ ránṣẹ́, atẹ́gùn ti ṣí páànù ilé ìdáná. Kí o fi kún un kí n lè ra fóònù tó ń ya àwòrán, nítorí nǹkan kan ń gbé ẹ̀yìn ìkòkò omi mi tí mo fẹ́ kí o rí.

Ọlọ́run tó dá ẹ̀rín padà sí ẹnu rẹ kò ní gbà á mọ́. Ohun tí o bá ń wò yóò máa fara hàn ọ́. O kò ní dojúbolẹ̀ fún ọ̀fọ̀ mọ́, ti ìwòran nìkan ni wàá máa ṣe. Àmín.

Bí o bá ń fèsì, má gba ọ̀dọ̀ Ọláyọdé, bébà ni kí o kọ ọ́ sí, torí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn n kò ronú ohun mìíràn: kí ló wà lábẹ́ ewé náà?

Èmi ni, ìyá rẹ,
Èyítọ́pẹ́.