Ìgè Ará Japan àti Ẹsẹ̀ Bàbá Ọkọ Mi

Austell, Georgia,
Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Ṣìkẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sùn? Ṣé orúnkún ìyá wa ti fúyẹ́? Àwa náà wà, à ń dúpẹ́. Ọkọ mi ń tọ́jú mi, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ yìí, bí o kò bá ní mọ́tò, bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò lè sọ fún ẹlòmíì. Má fi mí rẹ́rìn-ín o.

O mọ̀ pé bàbá ọkọ mi ń bá wa gbé. Orúkọ wọn ni orúkọ tí à ń pe ọmọ tó bá fẹsẹ̀ wáyé. Èmi ìyàwó kò gbọ́dọ̀ pè é, ṣùgbọ́n ìwé ò lẹ́nu, jẹ́ kí n kọ ọ́: Ìgè. Ìtìjú mi tí o mọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀ ju “ẹ káàárọ̀, sà” lọ. Wọ́n wá rò pé mo kórìíra àwọn. Wọ́n di ẹrù, wọ́n ní kí Rachael ọmọ wọn wá gbé àwọn lọ sí ilé rẹ̀ ní Lawrenceville ní Sátidé. Ọkàn mi bàjẹ́. Kí ni wọn yóò máa wí nílé? Pé ìyàwó tuntun lé bàbá ọkọ rẹ̀ jáde?

Àṣé ará Japan kan náà ń jẹ́ Ige! Ó ti gbá bọ́ọ̀lù rí, ó ti ṣe kóòṣì rí, ó ti fẹ̀yìn tì. Fídíò ìgbà tó ń ṣe kóòṣì ni gbogbo ayé ń wò lórí fóònù báyìí. Bí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, òun náà á ta ẹsẹ̀ sófúrufú létí pápá, bàtà rẹ̀ á fò. Lọ́jọ́ kan, àga ló gbá. Àwọn Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọmọ wa ni. Ọkọ mi ní, “Ẹsẹ̀ ló fi wáyé, kí ló tún fẹ́ fi ṣe ju bọ́ọ̀lù lọ?” Àwọn Yorùbá ń kọ “Àdùbí”, oríkì Ìgè, sábẹ́ fídíò rẹ̀, àwọn ará Japan ń béèrè ìtumọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ mi ti lọ shift ní warehouse wọn ní McDonough. Mo jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnì, mo ń bó ẹ̀wà, mo gbé fóònù ti ìgò epo, mo kọ ẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà. Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀, kúlà omi wà níwájú rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo: “Ìgè! Má gbé ẹsẹ̀ yẹn o! Bàbá olóríkunkun!”

Ẹyin lọ̀rọ̀, tèmi sì ti fọ́. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, bàbá ọkọ mi ló dúró yẹn, wọ́n fẹ́ rékọjá, ẹsẹ̀ wọn kan wà lókè bàsíà ẹ̀wà mi.

Wọ́n ní, “Ìyàwó, mo ti gbọ́. Ṣé kí n gbé e sílẹ̀ ni, àbí kí n dúró báyìí bíi lékèélékèé?”

Mo kúnlẹ̀ sínú omi ẹ̀wà. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ará Japan ni mò ń bá wí!”

“Japan wo?”

Mo na fóònù sí wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó. Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́nu wọn! Ni wọ́n bá ní àwọn náà gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe. Wọ́n ta ẹsẹ̀ báyìí, sálúbàtà wọn fò, ó já sínú ẹ̀wà mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Wọ́n wá rọra ní, “Àwọn ìyàwó ọmọ mi tó kù, kálukú ló ti sọ mí lórúkọ. Ìwọ nìkan ni kò pè mí ní nǹkan kan. Ó ń dùn mí.”

Àṣé ohun tí wọ́n ń retí nìyẹn! Èmi tí mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ ni ìwà ọmọlúàbí. Mo ní, “Ẹ má bínú, Ẹlẹ́sẹ̀-ire.”

Wọ́n ní, “Òo!” Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n pe Rachael pé kó má wulẹ̀ wá mọ́, ìyàwó àwọn ti sọ àwọn lórúkọ.

Bá mi kí ìyá wa, bá mi gbé ọmọ jó. Ẹlẹ́sẹ̀-ire ní kí n kí ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ìtìjú rẹ̀ ti dín díẹ̀,
Adéfọlá.