Àlàájà Kìfáyàtù Àṣàkẹ́, Nọ́ọ̀sì Tó Fi Owó Romania Wá Ọ̀nà fún Àlejò

Ìwó Olódò Ọbà ni wọ́n bí Àlàájà Kìfáyàtù Àṣàkẹ́ Oyèékànmi sí, ní agboolé Aláró, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1944. Sàká, àgbẹ̀ kòkó, ni bàbá rẹ̀. Kabirat, tó ń rẹ aró, ni ìyá rẹ̀.

Ní 1951, bàbá rẹ̀ fẹ́ kó lọ sí iléékéú, ìyá rẹ̀ fẹ́ kó lọ sí ilé ìwé. Àṣàkẹ́ lọ sí méjèèjì. Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ó sì fẹ́ Ẹnjiníà Abdullatif Oyèékànmi ní 1969.

Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló gbé wọn dé Jeddah ní 1982. Ilé wọn ní àdúgbò Al-Nuzlah di ilé ìwòsàn kejì fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí kò ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Bí ọmọ rẹ̀ bá fi Lárúbáwá dá a lóhùn pé aywa, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, yóò ní, "Ta ló ń jẹ́ aywa? Kúnlẹ̀, kí o fi èdè tí mo fi bí ọ dá mi lóhùn."

Ohun tí àwọn ará Jeddah fi ń rántí rẹ̀ jù ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Ààwẹ̀, ní ìparí ọdún 1999. Àlàájà ti ṣe Úmúrà tán ní Mẹ́kà, ó ń dúró de ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Kudai, nígbà tó rí ìyá arúgbó aláwọ̀ funfun kan tó ń sunkún. Ìyá náà ti sọnù mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò gbọ́ Lárúbáwá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Salih, ọlọ́pàá ibẹ̀, ní kó mú ìwé wá, owó kan ṣoṣo ló fà yọ lápò.

Salih yí i síwá sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. "Yà hájà, rọ́bà ìṣeré ọmọdé nìyí."

Àlàájà gbà á wò. Rọ́bà ni lóòótọ́, aláwọ̀ búlúù, ó sì ní ibì kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Oòrùn àti àwọn ayé tó ń yí i po wà níwájú. Àwòrán ilẹ̀ wà lẹ́yìn.

"Rọra, Salih. Orúkọ Romania ló wà níbí."

Ó na àwòrán ilẹ̀ náà sí ìyá náà. Ìyá náà fi ìka tẹ etí òkun, ó lu àyà. "Sakina! Constanța!" Orúkọ rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ ló ń pè.

Salih fi rédíò ọwọ́ rẹ̀ béèrè àwọn ará Romania. Ọkọ̀ wọn méjèèjì ti kọrí sí pápákọ̀ òfurufú. Èrò inú ọ̀kan rò pé inú ìkejì ni Sakina wà. Àwọn ọlọ́pàá dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Kò pẹ́ tí Harun, olórí wọn, fi sáré dé, tòun ti omijé.

"Bí a bá délé láìsí ìyá yìí, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn ọmọ rẹ̀?"

Harun ló fi Lárúbáwá ṣàlàyé pé nítorí òṣùpá tó bo oòrùn lóṣù Kẹjọ ọdún náà ni wọ́n ṣe tẹ owó ọ̀hún, àti pé àwòrán ilẹ̀ náà ń fi ibi tí òkùnkùn gbà kọjá hàn. Sakina fi owó náà há Àlàájà lọ́wọ́, kò gbà kó dá a padà.

Ní 2005, Romania gé òdo mẹ́rin kúrò lára owó rẹ̀, wọ́n sì kó irú owó bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ameen, ọmọ rẹ̀, sọ fún un pé owó náà kò lè ra nǹkan kan mọ́. Àlàájà rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Ó ti ra ẹnì kan padà ná."

Ó ti padà sí Ìwó láti 2004, ó sì dágbére fáyé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ní 2008, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ó fi ọkọ sílẹ̀, ó fi Tawheed, Ameen àti Ikhlas sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje.

Àṣàkẹ́, kí àwọn ará ibi tí o lọ mọ̀ ọ́ kí o tó dárúkọ. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ibùsùn rẹ sí Alujánnà. Sùn re, ìyá.