Rédíògíráàmù Ọ̀kà àti Ohun Tó Ń Kùn

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kọ́kọ́ kí yín dáadáa, kí n sì ròyìn ilé fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi. Ẹ̀yin náà sì ni mo máa ń sá wá bá nígbà kékeré bí nǹkan bá dẹ́rù bà mí. Ẹ máa ń jẹ́ kí n wọ abẹ́ tábìlì tí ẹ fi ń gé aṣọ, ẹ ó máa bá iṣẹ́ yín lọ, èmi ó sì máa wo ẹsẹ̀ yín títí ọkàn mi yóò fi balẹ̀.

Mo ti ní rédíògíráàmù, Bàbá. Ọ̀kà níbí, níbi tí mo wà nílé ọkọ, ni mo ti rí i. Màmá kan ń gbé lápá òkè àdúgbò wa, opó ọ̀gá ilé-ìwé kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá pààrọ̀ páànù ilé, wọ́n sì kó gbogbo ẹrù àtijọ́ síta. Mo ń bọ̀ láti ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ni mo rí i láàárín àwọn àga tó ti kán: àpótí igi gígùn ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní ìdérí lókè, tí wọ́n fi aṣọ bo sípíkà rẹ̀ níwájú. Adìẹ ti yé ẹyin síbi tí àwo ti ń yí. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi kúrò níbẹ̀ mọ́. Irú èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìkàrẹ́ ni.

Ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiyín lẹ́yìn yín. Ìyá kò jẹ́ kó wọlé. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e sẹ́yìnkùlé, òjò pa á títí igi rẹ̀ fi wú, wọ́n sì là á fi dáná. A bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fi èyí sílẹ̀ fún adìẹ.

Màmá náà gbé e fún mi tayọ̀tayọ̀, àmọ́ wọ́n kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan ọkọ àwọn yọ ọ́ kúrò lára iná, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, iná sì gbá a mọ́ ògiri. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sẹ́ni tó tún tàn án. Bí Bàbá Títí, ọkọ mi, ṣe gbọ́ báyìí, ó ní òun ò ní jẹ́ kí n so ó mọ́ iná nínú ilé òun. Ní tòótọ́, èmi náà kò lè sùn dáadáa nígbà tó wà ní pálọ̀ wa. Mo máa ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ ajá tí kò mọ̀ rí.

A gbé e lọ sí Ìkàrẹ́, sọ́dọ̀ Bọ̀dá Lásísì. Ẹ rántí i, ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ rédíò ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Orí rẹ̀ ti funfun báyìí. Ó ṣí ẹ̀yìn àpótí náà, ìtẹ́ eku ló kọ́kọ́ fà jáde. Rọ́bà ara wáyà ti ń bó. Àwọn fáàfù rẹ̀, àwọn nǹkan onígíláàsì tó dà bí gílóòbù kékeré yẹn, àwọn kan ti jóná, ó sì ní láti wá òmíràn lára òkú rédíò tó wà lájà rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni màmá yẹn sọ, pé iná máa ń fara pamọ́ sínú irú ẹ̀rọ yìí bí wọ́n tilẹ̀ ti yọ ọ́. Ó so wáyà mọ́ irin kan, ó fi kan nǹkan nínú rẹ̀, ó dún pàá, iná ta jáde. Mo fò sẹ́yìn títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà.

Síbẹ̀ mo ń lọ. Bí mi ò bá ti sí níléèwé, Ìkàrẹ́ ni mo máa ń gbà lọ. Mo fi sáńpépà ha igi rẹ̀, mo kùn ún ní fáníìṣì, mo sì rán aṣọ tuntun sójú sípíkà. Mo fa aṣọ náà le bí ẹ ṣe kọ́ mi, kó má bàa rọ̀ láàárín. Inú mi dùn nígbà yẹn. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ayọ̀ ọ̀rọ̀ náà máa mọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, Bọ̀dá Lásísì ní kí n jókòó jìnnà. Ó tàn án. Kò kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan, lẹ́yìn náà ni àwọn fáàfù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó gbé àwo jùjú àtijọ́ kan lé e, gìtá wọlé, mo sì bú sẹ́kún. Àmọ́ nǹkan kan wà lábẹ́ orin náà tó ń kùn bí oyin. Mo sọ fún un. Ó tẹ́tí, ó ní òun ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó pààrọ̀ àwọn nǹkan kan nínú rẹ̀ nítorí mi. Mo padà wá, ó ṣì ń kùn. Ó tún tú u, ó tún tò ó. Mo tún padà wá, kò yí padà. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo sọ fún un pé bóyá iṣẹ́ náà ti ju agbára rẹ̀ lọ.

Kò bínú. Ó na ọwọ́, ó yọ ọ́ kúrò lára iná. Orin dákẹ́, àwọn fáàfù ṣú.

Ó ní, "Ṣé ó ṣì ń kùn?"

Mo ní, "Ó ń kùn."

Ó ní, "Àbúrò, kò sí iná lára rẹ̀ mọ́."

Mo ní iná tó fara pamọ́ yẹn ni. Bàbá, mo rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń bọ́ sódò. Ó mú irin rẹ̀, ó fi kàn án, kò tilẹ̀ dún. Ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ lé inú rẹ̀ kí n lè rí i. Ó wá ń wojú mi. Mo dìde, mo jáde sí títì. Ó ń kùn. Mo dé gáréèjì, ó ń kùn. Nínú ọkọ̀ tó ń lọ Ọ̀kà, mo fi ìka di etí mi méjèèjì, ìgbà náà ló wá ròkè sí i.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn nǹkan tí mo ti ń fojú fò: àwọn ọmọ kíláàsì mi tí mo máa ń ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ sọ, tí mo ń pè wọ́n ní aláìlóhùn; Bàbá Títí tó ń sọ pé mo ń fi ìkanra gbójú kúrò bí òun bá pè mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń sọdá níwájú ọjà, ọ̀kadà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Ó ya aṣọ mi. Ọlọ́kadà náà bú mi dáadáa, ó ní láti òkèèrè ni òun ti ń fọn fèrè.

Fèrè tó pè yẹn ló mú mi dúró sójú kan.

Mo rántí awakọ̀ tó gbá yín pa. Ọkùnrin ará Ògbàgì tó fi ọkọ̀ ńlá kó pákó. Ẹ ń sọdá níwájú ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀sán gangan, aṣọ oníbàárà lọ́wọ́ yín. Ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, kò sí ohun mìíràn tó ń sọ ju pé òun fọn fèrè títí, ẹ ò wẹ̀yìn. Àbúrò yín gbá a létí, ó ní òpùrọ́ ni. Gbogbo wa la pè é ní òpùrọ́.

Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ fèrè náà?

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé agbéraga ni yín, pé wọ́n á kí yín lẹ́yìn, ẹ ò ní dáhùn. Ẹ máa ń ní kí oníbàárà bọ́ síbi ìmọ́lẹ̀ kó tó sọ irú aṣọ tó fẹ́. Tí ẹ bá gbé àwo sí rédíògíráàmù, ẹ máa ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín lé ìdérí rẹ̀ títí orin yóò fi tán. Mo rò pé ẹ fẹ́ràn igi rẹ̀ ni. Kí lẹ ń gbọ́ nígbà náà? Ṣé ó ń kùn fún ẹ̀yin náà?

Mo lọ bá Ìyá. Wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé. Mo jókòó, mo bi wọ́n bóyá etí yín kò gbọ́ràn. Ọwọ́ wọn dúró.

Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ní etí tèmi ló sọ fún mi.

Wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí àwọn má sọ, pé bí aráàlú bá mọ̀, wọ́n á ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, kò sì ní sẹ́ni tó máa fẹ́ àwọn ọmọbìnrin yín. Nítorí àwa lẹ ṣe ń rìn láàárín títì Ìkàrẹ́ láìgbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn wà ní tẹ́ṣàn lọ́jọ́ tí wọ́n gbá awakọ̀ yẹn létí, àwọn sì mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Wọ́n pa ẹnu mọ́ nítorí ìlérí tí wọ́n ṣe fún yín. Wọ́n ní rédíògíráàmù yẹn, bí àwọn bá ti rí i, ṣe ni àwọn máa ń rí ọwọ́ yín lórí rẹ̀.

Mo wá sọ fún Bàbá Títí. Mo rò pé á bínú pé ìdílé wa tan òun jẹ. Kò bínú. Ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà etí ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n tì mí mọ́ yàrá kékeré kan, wọ́n fi nǹkan sí mi létí, wọ́n ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì bí mo bá ti gbọ́ ìró. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Dókítà mọ̀. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà, pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń fi sétí tó lè ràn mí lọ́wọ́, pé òun ò lè sọ bí ìyókù ṣe máa pẹ́ tó.

Rédíògíráàmù ti wà ní pálọ̀ wa báyìí. Bàbá Títí fúnra rẹ̀ ló ń tàn án. Ó ń dún dáadáa, gbogbo ẹni tó wá sílé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá pe Títí láti ilé ìdáná, tí kò tètè jẹ́ mi, ọkàn mi á já. Màá sáré lọ wò ó. Nígbà mìíràn eré ló ń ṣe. Báwo ni ẹ ṣe ń gbé e, Bàbá? Ṣé ẹ̀yin náà máa ń pè wá lásán nígbà tí a wà ní kékeré, láti mọ̀ bóyá a máa dáhùn?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá wọ aṣọ wọn, wọ́n ní kí n sin àwọn lọ sí Ògbàgì. A béèrè ilé awakọ̀ náà títí a fi dé ibẹ̀. Kò wakọ̀ mọ́ láti ọdún yẹn, oko ló ń ro. Nígbà tó dá Ìyá mọ̀, ó dìde, ó fẹ́ wọlé lọ. Mo rò pé ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ìyá kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níwájú ọkùnrin tí wọ́n lè bí.

Wọ́n ní, "O fọn fèrè. Ọkọ mi ni kò gbọ́."

Ó dúró. Ó wá ké sí ìyàwó rẹ̀ nínú ilé pé kó máa bọ̀. Nígbà tí ìyàwó náà jáde, ọkùnrin náà bẹ Ìyá pé kí wọ́n tún un sọ. Ìyá tún un sọ. Obìnrin náà fi gèlè rẹ̀ bo ojú. Ó wá lọ bu omi fún wa.

Ọkùnrin náà sìn wá dé títì láti wọ ọkọ̀. Ní ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ̀rù tún mú mi. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ ń kùn bákan náà létí mi, mi ò mọ èyí tó sún mọ́. Mo dúró, mi ò lè gbé ẹsẹ̀. Mi ò sọ fún un. Ó wo ojú mi, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá di ọwọ́ mi mú, ó sì mú mi sọdá.

Ẹ sùn re, Bàbá. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi mọ́, bí ẹ bá wá lójú àlá.

Èmi ni,
ọmọ yín tó jọ yín títí dé etí.