Opó Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Wọ́n mú mi fún eré tẹlifíṣọ̀n! Mò ń to abọ́ sórí tábìlì mi ní ọjà Ekiosa nígbà tí ìpè wọlé. Mo pariwo débi pé ìyá aláta tó wà níwájú mi rò pé wọ́n tún ti wá lé wa. Eghosa lorúkọ ọkùnrin tó ń darí eré náà, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí orí rẹ̀ láìsí fìlà rí, nítorí náà Fìlà ni yóò máa jẹ́ nínú ìwé yìí.

Eré náà wù mí. Àwọn èèyàn inú ìwé ìtàn òyìnbó àtijọ́ ni, àwọn tí wọ́n kọ láyé Ọbabìnrin Fikitóríà. Fìlà wá kó gbogbo wọn sínú ilé kan ṣoṣo ní Benin, lóde òní. Ọmọ òrukàn tí wọ́n ń fìyà jẹ ń fọ mọ́tò ní Ring Road. Bàbá ahun ń fi fóònù yáni lówó èlé. Omidan tó ń kọ́ ọmọ olówó níwèé ti di tíṣà lẹ́sìnnì. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ.

Eré ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí. Mo ti ṣe ìyàwó ọba burúkú títí ó fi sú mi. Ojú mi ti wà lára tẹlifíṣọ̀n láti kékeré — ó wá dé báyìí. Wọn ò tíì sọ ẹni tí mo máa jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Opó ni.

Ẹtì, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Fìlà ṣàlàyé fún mi. Nínú ìwé àwọn òyìnbó yẹn, tí ọkọ bá kú, ìyàwó a wọ dúdú fún ọdún méjì, òmíràn a wọ̀ ọ́ títí ayé. Wọ́n tiẹ̀ máa ń gé irun òkú, wọ́n á fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Èmi tí mo rò pé àwa nìkan la mọ ọ̀fọ̀ ṣe! Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ṣùgbọ́n Bàbá Fìyìn, ọkọ mi, ò kú.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí kí ó dá mi lójú. Ọdún 2021 ló gba aṣálẹ̀ lọ, òun àti Kẹ́hìndé ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ní Ítálì làwọn ń lọ. Lìbíyà ló ti pè mí kẹ́yìn, ní 2023. Ó ní àwọn máa tó wọ ọkọ̀ ojú omi, pé bí òun bá ti dé òdìkejì òun á pè. Láti ìgbà náà, kò sí ohùn, kò sí ìró. Ẹnikẹ́ni ò sì wá sọ fún mi pé ó kú. Ìyàwó ni mí. Ìyàwó tó bá wọ dúdú nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ilẹ̀ ló ń gbẹ́ dè é.

Mo sọ èyí fún Fìlà. Ó rẹ́rìn-ín. “Madam, na ordinary cloth.” Ó rọrùn fún un láti sọ. Ìyàwó tirẹ̀ wà nílé tó ń dúró dè é.

Mo gbà á ṣá. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbà á.

Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Mo parọ́ fún Màmá. Ìyá ọkọ mi ni, láti Ìkirun ló ti wá bá wa gbé ní Upper Sakponba nígbà tí ọmọ rẹ̀ rìnrìn àjò. Mo ní tíṣà lẹ́sìnnì ni wọ́n fún mi ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní èmi tí mi ò ní sùúrù láti kọ́ ajá níjókòó.

Fìyìn mọ òótọ́. Fìyìnfólúwa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá — kò sí Yorùbá tí kò gbọ́, kò sì sí èyí tó máa ń sọ. “Mummy, na acting. You too dey fear.”

Mo se ẹja títọ́ọ̀sì. Màmá tún yọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, pọ̀nmọ́ nìkan ló jẹ. Láti òjò èṣí ló ti ní òórùn ẹja ń rí òun lára. Obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò lè bá du orí ẹja tẹ́lẹ̀! Ọjọ́ ogbó dé.

Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Ilé àtijọ́ kan ní GRA ni wọ́n ti ń ya eré náà, ó ga, pákó ilẹ̀ rẹ̀ ń ké. Wọ́n gbé aṣọ náà wá. Ọrùn rẹ̀ dé àgbọ̀n mi. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ bọ́tìnnì wẹ́wẹ́, èèyàn ò lè dá a dè fúnra rẹ̀, kò sì lè dá a tú. Télọ̀ ló ń bá mi dè é, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo ń wo ara mi nínú dígí. Ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn mi. Kúkúrú, kúkúrú, kó tó wá gùn. Bí Gògòrò ṣe máa ń húkọ́ nìyẹn — orúkọ tí mo ń pe ọkọ mi nínú yàrá nìyẹn, nítorí gíga rẹ̀. Mo yí padà. Télọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sì lè húkọ́ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

Kánjúkánjú ni wọ́n fi rẹ aṣọ náà láró. Òógùn mú un, ó sì ràn mọ́ mi lọ́rùn àti lọ́rùn ọwọ́. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi wọn títí ara fi ń ta mí. Kò lọ.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Màmá rí i. Mo ti ń gbọ́ èébú kó tó yanu — ẹnu Màmá kì í sinmi. Ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn ló mú, ó ní kí n jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó wá ń fọ ọrùn mi bí ẹni ń wẹ ọmọ. Mo ní aṣọ tíṣà ló ṣí àwọ̀. Ó ní, “Ó dáa.” Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oríkèé ara rẹ̀ ni, mo ní kó jẹ́ kí n fọ ìyókù. Kò gbà.

Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Kí ni mo ṣe yìí?

Ìran opó àti àga ọkọ rẹ̀ ni. Ó máa bu oúnjẹ síwájú àga òfìfo, á wá pe ọkọ náà. Osagie ni wọ́n sọ ọkọ náà nínú eré. Mo pè é. Fìlà ní mò ń pè é bí ẹni ń pe oníbúrẹ́dì. Mo tún pè é. Ó ní kí n gbàgbé kámẹ́rà, kí n wo àga náà. Mo wò ó. Ẹnì kan jókòó síbẹ̀ — mi ò sọ pé mo rí i, mo sọ pé ẹnì kan jókòó síbẹ̀. Ni mo bá ké: “Akínfẹ́mi! Akínfẹ́mi o!”

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ọkọ, mi ò fi ẹnu mi pe orúkọ yẹn rí. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é tẹ́lẹ̀, nígbà tí a bí Fìyìn ó di Bàbá Fìyìn. Obìnrin ilé wa kì í pe orúkọ ọkọ lásán. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé òkú ọkọ jáde ni wọ́n máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó.

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Télọ̀ ń sunkún. Mo bẹ Fìlà pé kó yọ ọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó ní láéláé. “That one na gold.” Ó ní òun á kúkú yí orúkọ ọkọ náà padà nínú ìyókù eré.

Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Mo gbààwẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Gògòrò.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Mo gbọ́ ikọ́ náà lọ́jà. Mo rí ẹ̀yìn ọkùnrin gíga kan lápá oníṣu, mo fi abọ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì. Ó yíjú. Ọmọ ọlọ́mọ ni. “Madam, how far?” Nígbà tí mo padà, ìyá aláta ń wò mí tàánútàánú. Inú bí mi sí i.

Mo ti pa á. Ohun tí mò ń rò kiri ọjà nìyẹn. Ó wà láyé níbì kan, èmi sì fi ẹnu mi pa á nítorí tẹlifíṣọ̀n.

Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré náà jáde. Irọ́ mi kọ́kọ́ tú díẹ̀: ọmọbìnrin mìíràn ni tíṣà. Mo ní wọ́n ti pààrọ̀ wa, pé èmi ṣì ń bọ̀. Wọn ò fi opó hàn lónìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń gbọ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pákó ń ké.

Màmá ní, “Ta ló ń rìn lókè yẹn?” Fìyìn wò mí. Mo ní mi ò mọ̀.

Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Kò sí iná. Ọpẹ́ ni.

Ohun kan sọ sí mi lọ́kàn nínú òkùnkùn. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Màmá máa ń béèrè tẹ́lẹ̀ pé, “Ṣé ó pè?” Mi ò rántí ìgbà tó béèrè kẹ́yìn. Ó ti pẹ́. Ó lè jẹ́ pé àárẹ̀ ti mú un.

Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀túnla ni wọ́n máa ṣílẹ̀kùn òkè yẹn. Mo ní kí Màmá bá mi lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́. Ó ní orúnkún ń dun òun. Mo tiẹ̀ rò ó pé kí n da omi sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Fìyìn ní, “Mummy, just tell am.” Mo ní lọ́la.

Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Mi ò sọ.

Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ tí èèyàn bá fẹ́ kí wọ́n mú iná, wọn ò ní mú un. Màmá ti jókòó kí ìpolówó tó parí. Ẹsẹ̀ tún rìn lókè. Ilẹ̀kùn ṣí. Èmi nìyẹn nínú dúdú, láti àgbọ̀n dé ilẹ̀. Mo bu oúnjẹ. Mo wo àga. Mo sì ké orúkọ rẹ̀, ó kún inú pálọ̀ wa.

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mò ń wí pé, “Màmá, eré ni o, ẹ jọ̀ọ́, eré lásán ni, ẹ má bínú.” Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ń wo ẹni tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi lé itan. Kò sunkún. Ó rọra béèrè lọ́wọ́ mi:

“Ìyàwó mi, ta ló sọ fún ọ?”

Mo ní, sọ kí ni? Ó wá wò mí lójú. Ó rí i pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Nígbà òjò èṣí ni Kẹ́hìndé pe Màmá láti Ítálì. Ó pẹ́ kó tó lè sọ ọ́. Ọkọ̀ wọn dojú dé. Ó ní òun di Akínfẹ́mi lọ́wọ́ mú títí ọwọ́ fi yọ̀. Wọn ò rí òkú. Màmá ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ti ń dá gbé e láti ìgbà náà, nínú ilé kan náà pẹ̀lú mi, tí mò ń gbé ẹja síwájú rẹ̀.

Mo bú u. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí òótọ́ ni: mo bú ìyá ọkọ mi. Mo béèrè ẹ̀tọ́ tó ní. Ó gbà mí láyè títí ó fi rẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà ó ní bí òun bá sọ ọ́, opó ni òun ó máa bá gbélé. Ó ní òun fẹ́ kí ẹnì kan ṣì máa jẹ́ ìyàwó ọmọ òun.

Fìyìn ló lọ gbá a mọ́ra. Kì í ṣe èmi.

Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá

Fìlà fún mi láṣọ náà. Kò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó pá lórí.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ láti kí wa. Mo wọ̀ ọ́ nínú yàrá, mo wá dúró, mi ò lè dá ẹ̀yìn rẹ̀ dè. Màmá wọlé. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn, òun ló bá mi dè é.

Nílé tiwa, wọn kì í fi aṣọ ọ̀fọ̀ wọ ìyá nítorí ikú ọmọ. Dúdú aṣọ náà ràn mọ́ ọn ní gbogbo ìka. Mo bu omi wá, mo gbé ọṣẹ síwájú rẹ̀. Kò fọ̀ ọ́.