Ọ̀já Pupa

Ìyá mi, ẹ kú òtútù, ẹ kú àdúrà lórí wa.

Ara mi le koko. Mo tilẹ̀ ti sanra, mo sì ti rí bàtà tuntun wọ̀. Ọ̀já búlúù tí ẹ rán fún mi nígbà tí mò ń bá ọmọ ogun ọba Swídìn lọ ti gbó. Pupa, àmì ogun Késárì tí à ń bá jà tẹ́lẹ̀, ni mò ń dè báyìí. Ohun tí gbogbo ẹni tí ogun bá kó níbí ń ṣe nìyẹn. Sájẹ́ǹtì Késárì gbé búrẹ́dì àti ọ̀já pupa wá bá wa, ó ní, "Ẹni tó bá de èyí ló máa jẹ èyí. Ẹni tí kò bá fẹ́, kòtò wà lẹ́yìn yín."

Veit ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Jobst, ìyá ẹ á nà ẹ́ o!" Kó tó sọ ọ́ tán, mo ti nawọ́ gba ọ̀já náà.

Tí ẹ bá ń bẹ Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kó tú ogun Késárì ká, ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.

Ẹ bá mi kí Ìyá Veit. Bí wọ́n bá béèrè ọmọ wọn, ẹ ní kò bá wa jẹ búrẹ́dì náà.

Èmi ọmọ yín,
Jobst