Òdòdó Apá Ọ̀tún

Ilé Keje, Òpópónà Etí-Omi,
Ulvik, Hardanger,
Nọ́wè.
Ọjọ́ kejì, oṣù Èbìbí, 1993.

Torgils, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Báwo ni ojú omi? Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí o ń lọ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Mo gbọ́ pé Rotterdam ni ẹ ó ti já ẹrù kẹ́yìn, ìdí nìyí tí mo fi darí lẹ́tà yìí síbẹ̀. Åsne ìyàwó rẹ wà dáadáa, ó bá wa jẹun lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Yìnyín ti yọ́ tán nílẹ̀, ó ku ti orí òkè. Àwọn igi ápù wa ti ń rúwé. Synnøve ìyàwó mi ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n yéé fi ìkíni sá fún ọ̀rọ̀.

Mo ba táǹkì epo alùpùpù rẹ jẹ́. Òdòdó tí ìyá rẹ yà sí apá ọ̀tún, mo bà á jẹ́.

Kí o tó lọ, o sọ fún mi pé ọ́ìlì bíréèkì ti dúdú, kí n bá ọ pààrọ̀ rẹ̀, kí o lè gùn ún lọ síbi ayẹyẹ orílẹ̀-èdè wa lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí. O tún ní, “Sjur, aṣọ tó nípọn ni kí o fi bo táǹkì o, kí o sì gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi sí tòsí. Ọ́ìlì yẹn máa ń jẹ ọ̀dà.” Ṣé o rántí èsì mi? Mo ní, “Ìwọ yìí, ṣé ọmọ tuntun la fẹ́ wẹ̀ ni?” A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí báyìí.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lọ́sàn-án gangan, mo gbé alùpùpù náà jáde síwájú ilé tí a ń kó ọkọ̀ ojú omi sí. Mo ṣí ìdérí ike ọ́ìlì tó wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ń dì mú. Mo fi rọ́bà bọ nọ́ọ̀tì kékeré tó wà nítòsí táyà iwájú, mo ti ẹnu rẹ̀ kejì bọ inú ìgò jáàmù. Mo ń fún ọwọ́ bíréèkì, mo ń tú nọ́ọ̀tì, mo ń dè é padà, mo sì ń bu ọ́ìlì tuntun sí i lókè. Dúdú ń jáde bíi kọfí àná. Nígbà tó yá, tuntun bẹ̀rẹ̀ sí jáde, ó mọ́ gaara. Mo ń súfèé. Aṣọ kankan kò sí lórí táǹkì, báàkẹ́ẹ̀tì kankan kò sì sí nítòsí.

Synnøve wá ké láti ojú fèrèsé pé àkàrà wáfù ti jiná. Bí ìkánjú ṣe wọ̀ mí nìyẹn. Mo fi gbogbo agbára fún ọwọ́ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n mọ̀ bóyá ó ti le, ìdérí ike sì wà nílẹ̀. Ọ́ìlì fò jáde, ó ta sórí táǹkì. Kò ju ṣíbí kan lọ. Mo fa àkísà yọ lápò, mo nù ún gbẹ, mo sì lọ jẹun. Wáfù mẹ́rin ni mo jẹ, Torgils, mo sì fi jáàmù sí gbogbo wọn.

Nígbà tí mo padà, ọ̀dà ti wú, ó hunjọ bí awọ orí mílíìkì gbígbóná. Mo fi àkísà kàn án. Òdòdó bá àkísà lọ.

Èyí tí ewé rẹ̀ kan wọ́ ni. O rántí ọjọ́ yẹn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú ikú ìyá rẹ, Màmá Borghild. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, búrọ́ọ̀ṣì yẹ̀, èmi àti ìwọ kò lè wo ojú ara wa. Àwọn fúnra wọn ló bú sẹ́rìn-ín: “Kí lẹ̀ ń wò? Ẹni tí kò bá wù nínú yín, kó lọ wá ìyá míì!”

Ti ọ́ìlì, àṣìṣe ni. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe. Mo gbé táǹkì lọ bá Gyda, ẹni tí ìyá rẹ kọ́ níṣẹ́ òdòdó yíyà, mo sì mú fọ́tò tí a yà nígbà yẹn dání.

“Ṣé Torgils mọ̀?” ni Gyda bi mí.

“Rárá.”

“Ṣé wàá sọ fún un?”

Mo ní kó jọ̀ọ́ kó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó bi mí bóyá kí òun jẹ́ kí ewé yẹn tọ́. Mo ní, “Ó tì o! Jẹ́ kó wọ́ bó ṣe wọ́.” Nígbà tó ṣe tán, èmi tí mo mọ̀ kò mọ ìyàtọ̀. Gyda nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Irọ́ lo ní kí n yà yìí, Sjur. Ó rẹwà, àmọ́ irọ́ ni.” Mo gbé e wálé, mo pinnu pé n kò ní lanu sọ ọ́ láé.

Lẹ́tà rẹ wá dé lọ́jọ́ Ẹtì. O ní tí o bá délé, kí o tó bọ́ bàtà pàápàá, wàá lọ fi ìka tọ ewé tó wọ́ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni o ti ń rántí bí ọwọ́ ìyá rẹ ṣe ń gbọ̀n. Synnøve ló ń kà á sí mi létí. Ó ká a, ó ní, “Gbọ́ o. Tí o bá jẹ́ kí ọkùnrin yìí máa fọwọ́ pa iṣẹ́ Gyda lára, kó máa pè é ní ti ìyá rẹ̀, èmi ni mo máa sọ fún un. Ojú ẹ ni mo sì ti máa sọ ọ́.” Ojú tì mí gan-an.

Bíréèkì náà le dáadáa, mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, má bẹ̀rù rẹ̀. Àkísà yẹn ló wà nínú àpòòwé yìí. Pupa ewé náà ṣì wà lára rẹ̀. N kò lè jù ú nù, n kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Má bínú sí Gyda, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Tí o bá fẹ́ kí a ha iṣẹ́ rẹ̀ kúrò, èmi ni mo máa ha á, níṣojú rẹ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Tí kò bá tíì ṣeé ṣe, má fi ipá ṣe é.

Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀, pàápàá alásè yín tó ń fi iyọ̀ pa yín. Åsne ní kí o má gbàgbé bàtà òun.

Tí o bá délé, apá òsì táǹkì ni kí o kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ewé tibẹ̀ kò wọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ló yà á.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
Sjur.